Kunisada, ayàwòrán tí ó gbé ojú àwọn oníjàkadì Japan dé ilé mẹ̀kúnnù

Kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ Japan, kí ìwé ìròyìn tó máa gbé fọ́tò àwọn eléré ìdárayá jáde, ìlú kan wà níbẹ̀ tí káfíńtà, alágbàro àti ìyálọ́jà ti ní àwòrán àwọn akọni oníjàkadì wọn lára ògiri ilé. Owó tí kò ju owó abọ́ oúnjẹ kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n fi ń ra ìwé kan. Lórí rẹ̀ ni ènìyàn ti máa rí ọkùnrin gìrìwò kan tí ó dúró bí òpó ilé, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, àti ojú tí ẹni tí ó bá ti wo ìjà rẹ̀ rí kò ní ṣì mọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìgbà ayé tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó yà á tó Utagawa Kunisada. Iṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀ lé ní 20,000 ìwé. Ní gbogbo ìlú, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Síbẹ̀, ohun méjì ni ó bá a jà: ìjọba tí ó fi òfin dè é lọ́wọ́, àti orúkọ ńlá kan tí ó fẹ́ jẹ, tí àwọn kan kò fẹ́ kí ó jẹ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀kẹta tún kún un, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé ní iṣẹ́ ọjà lásán ni gbogbo ohun tí ó ṣe.

Ọmọ ọlọ́kọ̀ ojú omi

Ọdún 1786 ni a bí i ní àdúgbò Honjo, ní apá ìlà-oòrùn odò Sumida, ní ìlú Edo. Edo yìí kò bá Ẹdó ti ilẹ̀ Nàìjíríà tan rárá. Orúkọ àtijọ́ ìlú tí gbogbo ayé ń pè ní Tokyo lónìí ni, ọdún 1868 ni wọ́n sì yí i padà. Nígbà tí à ń wí yìí, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ọba ilẹ̀ náà wà ní Kyoto, ṣùgbọ́n Shogun, ìyẹn olórí ológun láti ìdílé Tokugawa, ni ó di ìjọba mú láti ọdún 1603.

Sumida Shogoro ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Ilé tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ilé ọlọ́lá, kì í sì í ṣe ilé òṣì. Ìdílé wọn ní ìwé àṣẹ tí wọ́n jogún láti máa fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá omi, owó tí ń wọlé láti ibẹ̀ sì tó wọn jẹ, tó wọn mu. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ewì, ó sì lórúkọ díẹ̀ láàárín àwọn akéwì ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí a bí ọmọ náà ni bàbá papò dà. Kunisada kò mọ bàbá rẹ̀ mọ́ra. Owó ọkọ̀ ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Kò gbàgbé. Nígbà tí ó di ayàwòrán tí ó sì tó ẹni tí ń yan orúkọ iṣẹ́ fún ara rẹ̀, Gototei ni ó ń kọ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1810. Ìtumọ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ibùdókọ̀ karùn-ún, níbi tí iṣẹ́ ìdílé wọn wà. Bàbá tí kò mọ̀ mọ́ra ni ó gbé kọ́ orúkọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá

Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń yá sí àwòrán. Ní nǹkan bí ọdún 1800, nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àwọn ohun tí ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ yà dé ojú Toyokuni, olórí ilé iṣẹ́ Utagawa, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Edo nítorí àwòrán àwọn òṣèré orí ìtàgé. Ohun tí Toyokuni rí wù ú, ó sì gba ọmọ náà sí iṣẹ́.

Àṣà àwọn oníṣẹ́ ọnà Japan ni pé ọ̀gá a máa fún ọmọ iṣẹ́ ní apá kan nínú orúkọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdílé onílù nílẹ̀ Yorùbá ṣe ń fi Àyàn bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ. Láti inú Toyokuni ni wọ́n ti yọ Kuni, ọmọ Sumida sì di Kunisada. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ ilé tí ó ti wá.

Kò pẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ fi di ẹni à ń wárí fún. Ọdún 1807 ni àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ jáde. Ní ọdún 1808, ó ti ń ya àwòrán sínú ìwé ìtàn. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1813, ìwé kan tí ó to àwọn ayàwòrán ìlú náà ní ipò-ipò fi Toyokuni ṣe ẹni àkọ́kọ́, ó sì fi Kunisada ṣe ẹnì kejì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà.

Ìjàkadì ní àgbàlá Eko-in

Ní Honjo tí a bí i sí yìí kan náà ni tẹ́ńpìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní Eko-in. Ọdún 1657 ni wọ́n kọ́ ọ, lẹ́yìn tí iná ńlá kan jó Edo tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100,000, kí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lè máa gbàdúrà fún ọkàn àwọn òkú náà. Ní àgbàlá tẹ́ńpìlì yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìjàkadì sumo ní ọdún 1768, láti fi pa owó tí wọn yóò fi tún àwọn ibi mímọ́ ṣe. Nígbà tí ó di ọdún 1833, ibẹ̀ ni ìdíje méjèèjì tí ń wáyé lọ́dún ń fìdí sọlẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí títí di ọdún 1909.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìdíje kọ̀ọ̀kan. Níta gbangba ni, nítorí náà bí òjò bá rọ̀, ìjà dúró. Agbo ìjà náà jẹ́ amọ̀ tí wọ́n mọ ga sókè, tí wọ́n fi koríko ìrẹsì dídì yí ká. Òpó mẹ́rin ni ó gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Kí àwọn oníjàkadì tó kọlu ara wọn, wọn a máa fọ́n iyọ̀ sílẹ̀ láti fi wẹ agbo náà mọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọjá koríko, tàbí tí ibikíbi lára rẹ̀ yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, ó ti pàdánù. Ìjà mìíràn kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan.

Àwọn ìjòyè ńláńlá tí ń ṣàkóso agbègbè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tọ́jú àwọn oníjàkadì tí ó mókè. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan ju agbára lọ lè di ẹni tí ìjòyè ń bọ́, tí ó ń wọ aṣọ sílíìkì, tí wọ́n sì fún láṣẹ láti fi idà méjì sí ìbàdí bí ọmọ ológun. Ní àwùjọ tí ipò tí wọ́n bí ènìyàn sí ti sábà máa ń jẹ́ ipò tí yóò kú sí, ìjàkadì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkàbà díẹ̀ tí mẹ̀kúnnù lè gùn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè lọ wo ìjà náà. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé, àwọn tí wọ́n sì ń gbé ní ìgbèríko jìnnà sí i. Ohun tí irú wọn fi ń mọ akọni kan yàtọ̀ sí èkejì ni àwòrán.

Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀

Kunisada kọ́ ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ti ń ya oníjàkadì tipẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ọwọ́ àwọn ará àtijọ́, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń jọ. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn fi ń dá wọn mọ̀. Katsukawa Shunsho ni ó yí èyí padà. Ó ti kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn òṣèré, tí ó ń ya ojú oníkálùkù bí ó ṣe rí gan-an. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1780, ó gbé ọgbọ́n kan náà wọ inú agbo ìjà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Shun'ei, tẹ̀ lé e, ó sì ya Tanikaze àti Raiden, àwọn òmìrán tí ilẹ̀ Japan kò gbàgbé títí di òní.

Shun'ei kú ní ọdún 1819. Láti nǹkan bí ọdún 1820 títí di nǹkan bí ọdún 1860, ọjà àwòrán oníjàkadì bọ́ sí ọwọ́ Kunisada. Ogójì ọdún gbáko ni. Ọmọ tí ó rí àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ lára ògiri bàbá ti di bàbá àgbà kí ìgbà náà tó parí.

Ọwọ́ mẹ́rin nínú ìwé kan

Àwòrán onípákó kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Oníṣòwò tí ń tẹ ìwé jáde ni ó ń mú owó sílẹ̀, òun ni ó sì ń sọ ohun tí ọjà ń béèrè. Ayàwòrán á wá fi búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà ya àwòrán sórí bébà tín-ínrín. Wọ́n á lẹ bébà yìí mọ́ pákó igi ṣẹ́rì ní ìdojúdé, agbẹ́gi á sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ìlà kúrò, títí tí ìlà nìkan yóò fi yọ gọngọ. Àwòrán tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà gan-an a bàjẹ́ sínú iṣẹ́ náà. Pákó ni ó kù.

Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pákó tirẹ̀. Bí àwọ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, pákó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò gbẹ́. Atẹ̀wé á fi àwọ̀ kun pákó, á tẹ́ bébà lé e, á sì fi irinṣẹ́ pẹlẹbẹ kan ra ẹ̀yìn bébà náà kí àwọ̀ lè wọ̀ ọ́. Àmì kékeré méjì tí wọ́n gbẹ́ sí etí pákó ni ó ń jẹ́ kí bébà bọ́ sí ojú kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ ètè oníjàkadì á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìwé tí ó ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 38, tí ó sì fẹ̀ ní nǹkan bí 25, ni wọ́n ń lò jù. Bí àwòrán bá tóbi ju ìwé kan lọ, wọ́n á ya á sí ìwé mẹ́ta tí a lè tò mọ́ ara wọn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó mẹ́ta lè ra ọ̀kan tí akọni tirẹ̀ wà. Láti nǹkan bí ọdún 1830, búlúù tuntun kan tí ó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù wọ ọjà, ó sì fún aṣọ àti sánmà inú àwòrán ní dídán tí aró àtijọ́ kò ní.

Bí Kunisada ṣe ń rí wọn

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni Kunisada gbà ya oníjàkadì. Nígbà mìíràn, oníjàkadì á dúró nínú ìbàntẹ́ ńlá tí wọ́n fi òwú aláràbarà ṣe ọ̀ṣọ́ sí, èyí tí wọ́n ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ agbo kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, á wọ aṣọ ìgbafẹ́ pẹ̀lú idà méjì ní ìbàdí, bí ẹni tí ó ń lọ kí ọ̀rẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, méjì á gbá ara wọn mú, adájọ́ ìjà á sì tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, tí ó ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Ìlà tí ó nípọn ni ó fi ń ya èjìká àti ikùn, tí ó sì ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ya imú, ojú àti ètè. Èyí ni ó mú kí òmìrán náà wúwo lójú ẹni tí ń wò ó, síbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò sọnù sínú ẹran ara. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ìjà rẹ̀ sí.

Orúkọ ìjà yìí kì í ṣe orúkọ tí a sọ wọ́n nílé. Inazuma, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí mànàmáná. Òun àti Onomatsu ni wọ́n jọ ń du ipò ní ìgbà kan náà, láàárín ọdún 1828 sí 1830 sì ni àwọn méjèèjì gba àṣẹ láti so okùn funfun ńlá mọ́ ìbàdí, èyí tí ó jẹ́ ọlá tí ó ga jù lọ fún oníjàkadì. Kunisada ya àwọn méjèèjì. Ó tún ya Hidenoyama, ẹni tí ó gba okùn náà lẹ́yìn wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 164 lọ. Ọkùnrin tí ó kúrú yìí gba ìdúró kan náà tí àwọn òmìrán gbà lórí ìwé Kunisada.

Òfin ọdún 1842

Kì í ṣe oníjàkadì nìkan ni Kunisada ń yà. Àwòrán òṣèré orí ìtàgé kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, àwọn arẹwà obìnrin ilé ìgbafẹ́ sì tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1829, òun ni ó ń ya àwòrán sínú ìtàn àròsọ kan tí Ryutei Tanehiko ń kọ, èyí tí ó mú ìtàn ọmọba àtijọ́ tí ń jẹ́ Genji wá sí ayé ọjọ́ wọn. Ìwé náà tà wàràwàrà, ọdọọdún ni apá tuntun sì ń jáde.

Ní ọdún 1842, gbogbo rẹ̀ dàrú. Ìyàn ti mú ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ìlú kan sì ti dìde sí ìjọba. Mizuno Tadakuni, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn olùbádámọ̀ràn Shogun, gbà pé ìgbádùn àṣejù ni ó ń ba ìlú jẹ́. Ó gbé òfin jáde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya òṣèré, aṣẹ́wó tàbí obìnrin eléré ìgbafẹ́ mọ́. Òfin tún dé iye àwọ̀ tí a lè fi tẹ ìwé kan àti iye tí a lè tà á. Wọ́n dá ìtàn Tanehiko dúró láìparí, òǹkọ̀wé náà sì kú ní ọdún náà gan-an.

Fún ẹni tí ó ti ń jẹ lára òṣèré àti arẹwà fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n orúkọ oníjàkadì kò sí nínú òfin náà. Ìjàkadì jẹ́ ohun tí ó so mọ́ àwọn òrìṣà ilẹ̀ Japan àti ìkórè, àwọn ìjòyè ni wọ́n ń bọ́ àwọn tí ń jà á, Shogun pàápàá sì ti pè wọ́n sínú ààfin láti wò wọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀kùn ìtàgé tì, àgbàlá Eko-in ṣì ṣí sílẹ̀. Kunisada ń ya oníjàkadì lọ, òǹtẹ̀ àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba sì ń wà lára wọn. Mizuno fúnra rẹ̀ kò pẹ́ nípò. Wọ́n yọ ọ́ ní ọdún 1843. Díẹ̀díẹ̀ ni àwòrán òṣèré tún yọ́ padà wọ ìgboro, lákọ̀ọ́kọ́ láìkọ orúkọ òṣèré sí i.

Orúkọ tí ó dá ìjà sílẹ̀

Nígbà tí Toyokuni kú ní ọdún 1825, Kunisada ni ayé rò pé yóò jogún orúkọ ọ̀gá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Toyoshige, ọmọ iṣẹ́ mìíràn tí ìdílé ọ̀gá ti fi ṣe tiwọn, ni ó gba orúkọ náà. Ó ń jẹ́ Toyokuni fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dópin. Iṣẹ́ Toyoshige kò burú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi í wé ti Kunisada ní ti òkìkí.

Kunisada dákẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ní ọdún 1844, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó kéde pé òun ni Toyokuni. Kì í ṣe pé ó gba orúkọ náà nìkan. Ó pe ara rẹ̀ ní Toyokuni Kejì, bí ẹni pé Toyoshige kò gbé ayé rí.

Àwọn ará Edo kò mú un ní kékeré. Nínú èdè wọn, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìran kejì àti ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ayédèrú dún bákan náà, ohùn kan náà sì wà nínú Utagawa àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe iyèméjì. Oníyẹ̀yẹ́ kan kó gbogbo rẹ̀ sínú ewì kúkúrú tí ó fi bú u, ewì náà sì tàn káàkiri. Ìtàn kò gbè é lórí ọ̀rọ̀ yìí: Toyokuni Kẹta ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń ka Kunisada sí lónìí, wọ́n sì dá ipò kejì padà fún Toyoshige.

Ẹ̀gàn náà kò dí ọjà rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà títí tí ó fi kú, Toyokuni ni ó ń kọ sí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé atọ́nà kan tí ó jáde ní Edo ní ọdún 1853 dárúkọ àwọn mẹ́ta tí ó mókè: Toyokuni fún ojú ènìyàn, Kuniyoshi fún àwọn jagunjagun, Hiroshige fún àwọn ibi tí ó lókìkí. Toyokuni tí ìwé náà ń wí, Kunisada ni.

Ojú méjì tí a fi wo ara kan

Ní ọdún 1853, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé etíkun Japan lábẹ́ ọ̀gágun Perry, wọ́n sì ní kí ìlú tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún ohun tí ó lé ní igba ọdún ṣí i sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá ní ọdún 1854, ìjọba Shogun kó àwọn oníjàkadì lọ sí Yokohama láti fi agbára ilẹ̀ wọn hàn. Àwọn òmìrán náà gbé àpò ìrẹsì bí ẹni gbé ìrọ̀rí, àwọn mìíràn gbé e sí orí, òmíràn fi eyín gbé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jà.

Ẹnu ya àwọn Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìríra pọ̀ ju ìyìn lọ. Ẹran tí a bọ́ yó ni wọ́n fi àwọn oníjàkadì náà wé. Ohun tí wọn kò rí ni ohun tí Kunisada ti ń fi han àwọn ará ìlú rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pé ènìyàn tí ó lórúkọ ni oníkálùkù wọn, tí ó ní agbègbè tí ó ti wá, tí ó ní ọlá tí ó ń ṣọ́, tí ó sì ní ojú tirẹ̀.

Ní àwọn ọdún yẹn náà ni òun àti Hiroshige jọ ṣiṣẹ́. Láàárín ọdún 1854 sí 1857, wọ́n ṣe àwòrán àwọn ibùdó mẹ́tàléláàádọ́ta tí ó wà lójú ọ̀nà Edo sí Kyoto; Hiroshige ya ilẹ̀ àti òkè, Kunisada ya àwọn ènìyàn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá kan ba Edo jẹ́ ní ọdún 1855, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní ọdún 1858, ọdún tí àrùn onígbáméjì jà ní ìlú náà, Hiroshige kú. Kunisada ni ó ya àwòrán ìrántí rẹ̀, pẹ̀lú orí fífá àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́. Àwòrán náà ni ayé fi mọ ojú Hiroshige dòní.

Ikú, ẹ̀gàn àti ìmúpadàbọ̀sípò

Kuniyoshi kú ní ọdún 1861. Nínú àwọn mẹ́ta, Kunisada nìkan ni ó kù, kò sì gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Láti ọdún 1860, ó ń ṣe ọ̀wọ́ àwòrán orí àwọn òṣèré kan tí ọ̀pọ̀ kà mọ́ èyí tí ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1865, ó jáde láyé ní àdúgbò tí wọ́n ti bí i. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Kunichika, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ya àwòrán ìrántí fún un gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ṣe fún ọ̀rẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba Shogun wó. Fọ́tò àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun dé, iṣẹ́ onípákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn àwòrán tí àwọn ará ilé kò kà sí mọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù. Vincent van Gogh, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Netherlands, wà lára àwọn tí ó ń kó wọn jọ, iṣẹ́ Kunisada sì pọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n kọ ìwé nípa iṣẹ́ ọnà Japan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún kò gba tirẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ọnà onípákó ti kú pẹ̀lú Utamaro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdíbàjẹ́, àti pé ẹni tí ó ya ohun tí ó lé ní ẹgbàáwàá kò lè ní àkókò láti yà á dáadáa. Pé mẹ̀kúnnù fẹ́ràn rẹ̀ di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ọwọ́ ìparí ọ̀rúndún náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní ọdún 1993, wọ́n ṣe àfihàn ńlá fún un ní New York, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boston sì gbé iṣẹ́ òun àti ti Kuniyoshi kojú ara wọn ní ọdún 2017, bí oníjàkadì méjì nínú agbo.

Ní Ryogoku, lẹ́bàá Eko-in, gbọ̀ngàn ìjàkadì ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985 ni wọ́n ti ń ja sumo nílùú Tokyo báyìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sumo wà nínú rẹ̀, àwọn àwòrán onípákó sì wà lára ohun tí wọ́n kó pamọ́ síbẹ̀. Onomatsu, Inazuma àti Hidenoyama kò rí kámẹ́rà nígbà tí agbára wọn wà lójú ọpọ́n. Bí kò bá sí ìwé tí kò ju owó abọ́ oúnjẹ kan lọ, orúkọ wọn ni à bá máa gbọ́, a kò ní mọ ojú wọn.

Ní ti ọkùnrin tí ó ya wọ́n, ogún ọdún ni ó fi ń kọ Toyokuni sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì fara da ẹ̀sín nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé èyíkéyìí lónìí, Kunisada ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, ìyẹn orúkọ tí ọ̀gá fún un nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Orúkọ tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ di ńlá ni ó borí èyí tí ó jìjàdù láti jogún.